Ta Ni Ó Ni Afẹ́fẹ́ Tí Ń Yí Ọlọ?

Àwọn baba wa a máa wí pé ìjì kì í jà kí ó gbé odó, afẹ́fẹ́ kì í sì í fẹ́ kí ó gbé ọlọ. Ọ̀rọ̀ ìwúre ni wọ́n fi í ṣe, nítorí pé nínú gbogbo ohun èlò tí ń bẹ ní ìdí ààrò àwọn ìyá wa, kò sí èyí tí ó jókòó sí ipò rẹ̀ bí ọlọ, tí òjò kò lè wọ́ lọ, tí oòrùn kò lè sán, tí ọmọdé kò sì lè dá gbé. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, kò sì tíì di irọ́ títí di òní olónìí. Síbẹ̀ ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn ará ilẹ̀ Páṣíà ti dá ọgbọ́n kan, tí afẹ́fẹ́ tí kò lè gbé ọlọ fi ń yí i, tí ó ń bá wọn lọ àlìkámà wọn ní ọ̀sán àti ní òru, láìgba owó, láìjẹun, láìsọ pé ó rẹ òun. Ọgbọ́n yìí ni ó bí ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò: nígbà tí ọlọ bá ń yí, tí ìyẹ̀fun sì ń dà sílẹ̀, iṣẹ́ ta ni a ń rí? Ṣé ti ẹni tí ó kan igi mọ́ igi ni, àbí ti afẹ́fẹ́, àbí ti Elédùmarè, Ọba a-tẹ́-rẹrẹ-káyé, tí ó rán afẹ́fẹ́ náà ní iṣẹ́? Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ní ọwọ́ nínú rẹ̀, báwo ni kí a ti pín èrè?

Ìbéèrè náà tóbi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni a ti í bá a pàdé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fi igi kan ọlọ afẹ́fẹ́ kékeré kan sí ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀, ìbáà jẹ́ èyí tí kò lè lọ ju ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan lọ, ìbáà sì jẹ́ èyí tí kò lọ nǹkan kan rárá ju pé kí ó máa yí kí inú àwọn ọmọ ilé lè máa dùn, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ìbéèrè náà kí ó tó fi ọkàn rò ó. Nítorí èyí ni mo ṣe gbà pé ọlọ kékeré sàn ju ńlá lọ fún ẹni tí ó fẹ́ ronú. Àwọn ẹ̀rọ gàgàrà onírin tí ń bẹ ní etí òkun ilẹ̀ Yúróòpù ń fún àwọn ènìyàn ibẹ̀ ní iná mànàmáná, wọ́n sì yẹ ní yíyìn, ṣùgbọ́n wọ́n jìnnà sí ọwọ́ wa débi pé a kò lè rí ibi tí iṣẹ́ ọmọ ènìyàn parí sí lára wọn. Lára onígi kékeré, a ń rí i kedere.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń kan án. Igi fífúyẹ́ ni a ń wá fún apá rẹ̀, irú èyí tí ọ̀bẹ ń wọ̀ láìjà, tí kò sì ní kókó púpọ̀ nínú. Ṣùgbọ́n òpó tí yóò gbé e dúró kò gbọdọ̀ jẹ́ fífúyẹ́, nítorí ikán àti òjò, ìrókò ni ó bá a mu. Apá mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀. Bí a bá kàn wọ́n tẹ́jú pẹrẹsẹ sí iwájú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ yóò kàn máa tì wọ́n sẹ́yìn ni, wọn kì yóò yí. Bí a bá sì fi ẹ̀gbẹ́ wọn tín-ín-rín kọ ojú sí i, yóò gba àárín wọn kọjá bí ẹni tí kò rí wọn. Ibi tí ọgbọ́n wà ni pé kí apá kọ̀ọ̀kan fì sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, kí gbogbo wọn sì fì sí ọ̀nà kan náà, kí afẹ́fẹ́ tí ó bá kọ lù wọ́n lè yọ̀ lára wọn, kí ó sì tì wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ bí ó ti ń kọjá lọ. Ní ìdí apá ni ìfì yìí ti gbọdọ̀ pọ̀. Bí a bá ti ń lọ sí ṣóńṣó rẹ̀ ni kí ó máa dín kù, nítorí pé ṣóńṣó ń sáré ju ìdí lọ fíìfíì, afẹ́fẹ́ tí ó sì ń bá pàdé kò rí bí ti ìdí. Ọ̀bẹ nìkan ni ó lè kọ́ ènìyàn ní èyí. Ẹni tí ó bá ń fá a ní ìkánjú yóò rí i pé apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá ara wọn dọ́gba, ọlọ yóò sì máa gbọ̀n jìnnìjìnnì títí ìṣó rẹ̀ yóò fi yọ.

Lẹ́yìn èyí ni ìwọ̀n. A ó fi ìlu lu ihò sí àárín, a ó ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, a ó sì jẹ́ kí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí fúnra wọn títí wọn yóò fi dúró. Èyí tí ó bá ń padà wá sí ìsàlẹ̀ nígbà gbogbo ni ó wúwo ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. A ó fá díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, a ó tún un yí, a ó tún fá díẹ̀, títí kò fi ní sí ọ̀kan nínú wọn tí ó mọ ìsàlẹ̀ ní ilé mọ́. Ibi tí igi bá ti ń fi ara ha igi, a ó fi òrí pa á. Ìrù ni ó kù, pákó pẹlẹbẹ kan tí a kàn mọ́ ẹ̀yìn ọ̀pá, òun ni yóò máa yí ojú ọlọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, nígbà ọyẹ́, ojú rẹ̀ yóò wà ní ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn, níbi tí aṣálẹ̀ ti ń rán eruku rẹ̀ sí wa. Nígbà tí òjò bá sì súnmọ́lé, yóò yí ojú sí ìhà òkun, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ìgbà ti yí padà. A ó wá gbé e ga, kí ó rékọjá orí ilé àti orí igi máńgòrò, nítorí pé afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ lára ògiri kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Nígbà tí a bá sì ti ṣe gbogbo èyí tán, a kò tíì ṣe nǹkan kan. Ọlọ dúró. Káfíńtà tí ó kan àga lè jókòó lé e ní ọjọ́ tí ó kàn án. Alágbẹ̀dẹ, ọmọ Ògún, a máa fi ẹwìrì dá afẹ́fẹ́ ti ara rẹ̀ nígbàkígbà tí ó bá fẹ́ kí iná jó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kan ọlọ afẹ́fẹ́ ti parí iṣẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé iṣẹ́ náà tíì bẹ̀rẹ̀. Ó lè jókòó sí ìdí òpó rẹ̀ láti àárọ̀ di ọjọ́rọ̀, kí ewé kan má mì. Kò sí ìbínú tí ó lè ràn án lọ́wọ́, kò sì sí owó tí ó lè fi ra ohun tí ó ń retí. Mo gbà pé ibi ìdúró yìí gan-an ni ìmọ̀ Ọlọ́run ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, àti pé ẹni tí kò bá tíì dúró níbẹ̀ rí, ó lè ti kan igi mọ́ igi, kò tíì mọ ohun tí ó kàn.

Nínú ọ̀rọ̀ yìí, agbo ilé ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ń bẹ láàárín wa kò bá ara wọn jà. Ẹni tí ń bọ òrìṣà mọ̀ pé Ọya ni ó ni ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀, Ìyá Mẹ́sàn-án, aya Ṣàngó, akọni obìnrin tí a ń sìn láti ìlú Irá títí dé ilẹ̀ Brazil, níbi tí ìran àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú ti ń pè é ní Iansã. Mùsùlùmí mọ̀ láti inú Àlùkùránì pé Ànábì Sùlèmánù ni a fi afẹ́fẹ́ sí abẹ́ àṣẹ rẹ̀, kì í sì í ṣe pé ó fi agbára ara rẹ̀ gbà á, Ọlọ́run Allah ni ó fi í ta á lọ́rẹ. Kristẹni náà kò gbàgbé pé nígbà tí Nikodémù tọ Jésù wá ní òru, tí ó sì fẹ́ mọ bí ènìyàn ti lè di ẹni tuntun, afẹ́fẹ́ ni Olúwa fi ṣe àpẹẹrẹ fún un. Ẹnu wọn kò ta kora: kò sí ẹni tí ó gbẹ́ afẹ́fẹ́ ní ilẹ̀, kò sí ẹni tí ó gbìn ín, kò sì sí baba ńlá ẹnikẹ́ni tí ó fi í sílẹ̀ ní ogún fún ọmọ.

Bí ó bá wá rí báyìí, ṣé kò yẹ kí a sọ pé ti afẹ́fẹ́ ni gbogbo iṣẹ́ náà, kí a sì ju ọwọ́ sílẹ̀? Àwọn ará Nashtifan, ní ẹkùn Khorasan ní ilẹ̀ Ìránì, yóò dá wa lóhùn pé rárá. Amọ̀, koríko gbígbẹ àti igi ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọlọ wọn, àwọn kan sì dúró síbẹ̀ títí di òní. Òòró ni apá ọlọ wọ̀nyí dúró, tí wọ́n ń yí ká ọ̀pá kan ní àárín, tí òkúta ọlọ sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ògiri tí wọ́n mọ sí iwájú rẹ̀, tí ó bo ìdajì ojú ọlọ mọ́lẹ̀ kúrò lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Àjèjì tí ó bá dé ibẹ̀ lè rò pé òmùgọ̀ ni ẹni tí ó mọ ọ́n, nítorí pé kí ni ó dé tí a ó fi máa dí ọ̀nà mọ́ ohun tí a ń wá? Bẹ́ẹ̀ bí a bá wó ògiri náà, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé ní ẹ̀kún rẹ́rẹ́, ọlọ yóò dúró ni, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ń ti apá ọ̀tún síwájú ni yóò máa ti apá òsì sẹ́yìn. Ẹ̀bùn Ọlọ́run wọlé tọ̀ wọ́n wá nítorí pé wọ́n mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti kọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ kò mọ ògiri náà fún wọn, ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni ó mọ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí ìlú Bury St Edmunds, ní ọdún 1191. Àlùfáà àgbà kan ń bẹ níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Herbert, tí ó kọ́ ọlọ afẹ́fẹ́ kan sí orí ilẹ̀ tirẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, igi ni a fi ń kọ́ irú wọn, lórí òpó ńlá kan ṣoṣo tí gbogbo ilé ọlọ ń yí ká, bí afẹ́fẹ́ bá ti ń yí. Nígbà tí Samson, olórí ilé àwọn mọ́ńkì tí ó ni àṣẹ lórí ìlú náà, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, inú bí i débi pé oúnjẹ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ó pàṣẹ pé kí àwọn káfíńtà lọ wó o lulẹ̀ kíákíá. Herbert sáré wá bẹ̀bẹ̀. Ó ní orí ilẹ̀ òun ni òun kọ́ ọ sí, pé àǹfààní afẹ́fẹ́ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a fi du ẹnikẹ́ni, pé ọkà ti ara òun nìkan ni òun sì fẹ́ máa lọ níbẹ̀. Samson kò gbọ́. Ó búra pé òun kì yóò fi ẹnu kan búrẹ́dì títí a ó fi wó ilé náà. Herbert padà sílé, ó fetí sí ìmọ̀ràn ọmọ rẹ̀, ó ní kí àwọn ìránṣẹ́ tirẹ̀ wó ohun tí ó kọ́, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn tí Samson rán dé, wọn kò bá nǹkan kan tí wọn yóò wó. Mọ́ńkì kan tí ń jẹ́ Jocelin, ará Brakelond, tí ó ń gbé nínú ilé kan náà pẹ̀lú Samson, ni ó kọ ìtàn yìí sílẹ̀ fún wa.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ Samson yìí síwá-sẹ́yìn. Kì í ṣe òmùgọ̀, kì í sì í ṣe olè. Ọlọ ilé àwọn mọ́ńkì wà, owó ibẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun, ó sì mọ̀ pé bí ọlọ Herbert bá ti ń yí, àwọn ará ìlú yóò máa wọ́ lọ sí ibẹ̀, agbára òfin kò sì ní ká wọn. Nínú òfin ilẹ̀ wọn nígbà náà, ó lè jẹ̀bi díẹ̀, ó sì lè jàre púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ti ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, mo sì gbà pé Samson ṣẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Kò jẹ́ sọ pé òun ni òun ni afẹ́fẹ́, ojú yóò tì í láti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú pẹpẹ. Ojú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé inú ìkòkò tálákà ni ó sọ di tirẹ̀. Bí àwọn alágbára ti ń ṣe nìyí ní gbogbo ilẹ̀. Wọn kì í sọ pé àwọn ni àwọn ni ẹ̀bùn Ọlọ́run. Wọn a kàn sọ pé àwọn ni àwọn ni ẹnu ọ̀nà.

Láàárín ọdún mélòó kan sí ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ọlọ afẹ́fẹ́ dé iwájú Póòpù Celestine Kẹta ní ìlú Róòmù, ẹni tí ó jọba láti 1191 títí di 1198. Ìbéèrè tirẹ̀ yàtọ̀: ṣé ẹni tí ó ní ọlọ afẹ́fẹ́ gbọdọ̀ san ìdámẹ́wàá lórí èrè rẹ̀? Ó dájọ́ pé ó gbọdọ̀ san án. Àwọn kan lè rí èyí bí ojúkòkòrò ìjọ, èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ Póòpù jinlẹ̀ ju ti Samson lọ, nítorí pé kò ní kí ọlọ má yí. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹni tí ọlọ rẹ̀ ń yí jẹ gbèsè. Ẹni tí ó lo ohun tí kò rà kò gbọdọ̀ máa ṣe bí ẹni tí ó rà á. Ibi tí mo ti ń bá a jiyàn ni ibi tí a ó san gbèsè náà sí, n ó sì padà sí i.

Ìdámẹ́wàá kan tún ń bẹ tí ó ti wà nínú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ kí Póòpù kankan tó jẹ, àwọn onímọ̀ ìṣirò ni wọ́n rí i. Ní ọdún 1919, Albert Betz, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, fi hàn pé kò sí bí a ti lè gbẹ́ apá ọlọ afẹ́fẹ́ tó, ìbáà jẹ́ Ògún fúnra rẹ̀ ni ó rọ ọ́, kò lè gbà ju ìdá 16 nínú ìdá 27 lọ nínú agbára afẹ́fẹ́ tí ń gba inú rẹ̀ kọjá, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọlọ onígi tí a kàn ní ilé kò sì lè súnmọ́ iye yìí rárá. Ìdí rẹ̀ kò le láti mọ̀. Bí ọlọ bá gba gbogbo agbára afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ náà yóò kú sí ẹ̀yìn rẹ̀, kì yóò rí ọ̀nà lọ, èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì ní rí ọ̀nà wọlé. Yóò yà gba ẹ̀gbẹ́, ọlọ yóò sì dúró. Kí ẹ̀bùn náà tó lè máa wá, apá kan nínú rẹ̀ gbọdọ̀ máa kọjá lọ láìjẹ́ tiwa. Èyí kì í ṣe òfin tí ẹ̀dá kan ṣe, tí ẹ̀dá mìíràn lè yí padà. Bí a ti dá ayé ni.

Ìṣirò kan náà fi ohun mìíràn hàn wá nípa ìpín wa nínú iṣẹ́ yìí. Bí ènìyàn bá sọ gígùn apá ọlọ rẹ̀ di méjì, agbára tí ó lè gbà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá sọ eré rẹ̀ di méjì, agbára yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa níyelórí, ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ wa sì jù ú lọ. Mi ò mọ ìwàásù tí ó sọ ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ ṣe kedere jù báyìí lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò tẹ́ńbẹ́lú ọmọ ènìyàn, nítorí pé bí kò bá sí apá rárá, ìlọ́po mẹ́jọ lórí òfo, òfo ni.

Àwọn babaláwo ti sọ èyí fún wa ní èdè tiwọn. Nínú ẹsẹ Ifá kan, àwọn orí pé jọ láti gbèrò, wọn kò sì pe Ẹsẹ̀ sí ìpàdé. Ìjà ni ìpàdé náà fi tú ká, kò sì sí ohun tí wọ́n pinnu tí ó yọrí títí wọ́n fi ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀. Orí ni ìpín tí a gbà lọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá, ẹsẹ̀ ni ìgbìyànjú. A rí irú rẹ̀ ní ayé òde òní. Nígbà tí ìyàn mú ní ilẹ̀ Màláwì ní ọdún 2001 àti 2002, ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Kamkwamba, ọmọ àgbẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnlá, kúrò ní ilé ìwé nítorí tí bàbá rẹ̀ kò lè san owó. Ó ń lọ sí yàrá ìkàwé kékeré kan ní Wimbe, ó sì rí ìwé sáyẹ́ǹsì kan tí àwòrán ọlọ afẹ́fẹ́ wà lára èèpo rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ le fún un. Àwòrán ni ó fi ń tú u. Ó ṣa irin kẹ̀kẹ́ àti abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ katakata láàárín pàǹtírí, ó yọ́ ọ̀pá ike lórí iná láti fi ṣe apá, ó gé igi yukalíptù láti fi ṣe òpó, ó sì so dáínámò kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn. Àwọn ènìyàn ń pè é ní wèrè. Afẹ́fẹ́ Wimbe ti ń fẹ́ kí a tó bí baba ńlá rẹ̀, orí abúlé náà kò burú, ẹsẹ̀ ni a kò tíì pè.

Nígbà tí iná tàn láti ara ọlọ William, ahọ́n àwọn ènìyàn kò tíì sinmi. Ní ìgbà kan tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, àwọn kan ní ọlọ rẹ̀ ni ó ń fẹ́ ìkùukùu lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi wọ́n rẹ́rìn-ín, nítorí pé àṣìṣe wọn jọ ti Samson ju bí a ti lè rò lọ: àwọn méjèèjì gbà pé ẹni tí ó rí ọ̀nà lo afẹ́fẹ́ ti di olúwa rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé náà, tí ebi ti pa, ní àwáwí tí Samson kò ní, wọ́n sì ṣe ohun tí Samson kò ṣe. Wọ́n tò ní ẹnu ọ̀nà ilé bàbá ọmọ náà láti gba iná sí fóònù wọn. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ sì tún tó nǹkan, ẹ̀rọ omi ni ó ṣe, tí ń fi oòrùn fa omi mímu fún abúlé. Bí Póòpù Celestine bá bi mí pé níbo ni kí ẹni tí ó ní ọlọ afẹ́fẹ́ san ìdámẹ́wàá rẹ̀ sí, ẹnu ọ̀nà ilé bàbá ọmọ náà ni n ó tọ́ka sí fún un.